Ta ló ni ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìbàràpá? Orúkọ ìjọ lára pátákó, owó ìjọba lọ́wọ́ tíṣà, páànù lọ́rùn àwọn òbí

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Ìbàràpá dáadáa, tó wọ Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, tó sì yà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ sí lára pátákó, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé pásítọ̀ ló ni ibẹ̀. A ò lè bá a wí. Orúkọ Onítẹ̀bọmi tàbí Mẹ́tọ́díìsì tàbí ti ẹni mímọ́ kan ló kà, ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà, nígbà mìíràn ọgbà kan náà ni. Àwọn ọmọ ti tò, wọ́n ń kọ orin ìsìn, wọ́n ń ṣàdúrà. Àmọ́ pásítọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yẹn ò lè gba tíṣà kan ṣoṣo síṣẹ́. Kò lè dá ọ̀kan dúró, kò sì lè ní kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni láti Ìdèrè lọ sí Ayétẹ̀. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ fi kíláàsì kan ṣèpàdé ìjọ, ọ̀gá ilé-ìwé ló máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ta wá ni aláṣẹ ibẹ̀? Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, àfi ọjọ́ tí ìjì bá jà.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í ṣe ìjì ọmọdé lágbègbè yẹn. Ó máa ń ká páànù bí ẹni ká ẹní. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ sáà fara balẹ̀ wo àwọn tí ọ̀gá ilé-ìwé máa pè lórí fóònù, àti bó ṣe máa pè wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba níbẹ̀ ju ẹni tó ka ìwé òfin lọ.

Ọ́fíìsì LGUBA ló máa kọ́kọ́ pè, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà n'Ìbàràpá lónìí, Igbó-Ọrà lolú ilé-iṣẹ́ Àárín Gbùngbùn, Èrúwà ni ti Ìlà-Oòrùn, Ayétẹ̀ ni ti Àríwá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní LGUBA tiẹ̀. Ohun tí wọ́n máa sọ fún un níbẹ̀ ni pé kó kọ ìwé wá, kó ya fọ́tò mọ́ ọn. Ìwé náà máa gba Ìbàdàn lọ, lọ́dọ̀ SUBEB, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ gbogboogbò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí ibẹ̀ lowó kíkọ́lé wà. Níbẹ̀, á máa dúró de àwọn ìwé bíi tiẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ọ̀gá ilé-ìwé ò ní dúró dè é, òjò ọ̀la ò ní dúró. Alága PTA ló máa pè ṣìkejì. Alága yìí lè jẹ́ mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta gàrí, ó lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló kan pásítọ̀, bóyá owó ìkórè ṣì kù. Ó kan baálẹ̀ àdúgbò. Ó kan ọmọ ìlú tó jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àná, tó ti wà l'Ékòó tàbí lókè òkun báyìí, tó jẹ́ pé ìgbà tí páànù bá ṣí nìkan ni wọ́n ń rántí pé òun náà ṣe ọmọ ilé-ìwé ọ̀hún. Ọnọ́rébù ló máa ń kẹ́yìn. Òun kì í tètè gbé e, ṣùgbọ́n tó bá ṣe é pẹ́nrẹ́n, orúkọ ẹ̀ lára ògiri máa tóbi ju orúkọ ilé-ìwé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó lówó ilé-ìwé lọ́wọ́ kò sí nítòsí, ẹni tó wà nítòsí kò lówó. Èyí tó sì ń múni láyà pami ni pé ẹni tó wà nítòsí yìí làwọn èèyàn ń bú.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá o. Láti 1843 táwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ l'Ágbádárìgì, ìjọ ló ń kọ́ ilé-ìwé jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, ìjọ ló ń gba tíṣà, ìjọ ló sì ń lé e. Ìgbà tó yá nìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lówó ìrànwọ́. Lọ́dún 1926, ìjọba ṣòfin pé tíṣà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, èèyàn ò sì gbọdọ̀ ṣàdédé ṣí ilé-ìwé mọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ ìjọ náà ni àbójútó ṣì wà.

Ọ̀gá pátápátá ìgbà náà ni máníjà. Pásítọ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ẹ, ẹni tí ìjọ fi sí ìlú tó tóbi díẹ̀, táwọn ilé-ìwé abúlé sì wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá gun kẹ̀kẹ́ dé, tíṣà á ti gbá ilẹ̀, á ti nu pátákó, á ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ. Ọwọ́ máníjà lowó oṣù ń gbà kọjá. Òun ló ń sọ ibi tí tíṣà máa lọ. Tíṣà ọ̀hún kì í sì í ṣe tíṣà lásán: òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsinmi, òun ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin, tí katikísì bá rìnrìn àjò, òun náà ló máa wàásù. Tó bá wá lọ fẹ́ ìyàwó kejì, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Tó bá ní owó oṣù òun kéré, wọ́n á ní èrè tíṣà wà lọ́run.

Àwọn tíṣà ò gba èyí bí ẹran àgbò. Lọ́dún 1931 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, sílẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́. Pásítọ̀ ni, tíṣà ni, ó mọ ilé méjèèjì. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ń pariwo pé kò yẹ kí jíjẹ mímu tíṣà wà lábẹ́ máníjà kan ṣoṣo, pé kí wọ́n kó gbogbo tíṣà sábẹ́ iṣẹ́ kan náà.

Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ètò ìgbà náà ní dáadáa kan: gbogbo ìlú mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ ń jókòó lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tíṣà tó ń mutí, wọ́n ń ka owó sórí tábìlì. Tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sí pé ká kọ̀wé sí Ìbàdàn. Abùkù ẹ̀ náà sì tóbi. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ onífá tó wọ ibẹ̀ lè di Jòsẹ́ẹ̀fù kó tó dé kíláàsì kejì, bàbá ẹ̀ ò sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ káwọn Mùsùlùmí dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1923 nìyẹn, káwọn náà ní ilé-ìwé tiwọn.

Nígbà tó di January 17, 1955, ìjọba Awolowo ní ìwọ̀ oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Èrò náà kì í ṣe kékeré. Ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 kò tó 460,000, ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti di 811,432. Ilé-ìwé káńsù, èyí tí wọ́n ń pè ní L.A., hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ìjọ kiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, máníjà ṣì wà lórí àga, ṣùgbọ́n owó ìjọba ni wọ́n fi ń san tíṣà. Ẹni bá sì ń san owó oṣù, bó pẹ́ bó yá, á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ná an.

Ìyẹn náà ló wá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ìlà-oòrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tó fi máa di September 1976 tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà, tìlẹ̀ Yorùbá náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Máníjà dìde lórí àga. Wọ́n ò pa orúkọ rẹ́ lára ògiri. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú títí di òní nìyẹn, torí orúkọ ń sọ nǹkan kan, ìwé òfin ń sọ òmíràn.

Ṣé ẹ̀yin rò pé ìjọba gba ọmọ, ó wá gbé e pọ̀n? Ńṣe ló ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Lọ́dún 1988, ìjọba Babangida dá àjọ kan sílẹ̀ l'ókè láti máa bójú tó owó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1991, ó fi dìkírì tú u ká, ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbé ẹrù náà lọ. Inú àwọn alága káńsù kọ́kọ́ dùn. Kò pẹ́ tí owó oṣù tíṣà fi di gbèsè lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, oṣù kan, méjì, mẹ́ta. Tíṣà dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ lọ sóko, àwọn mìíràn lọ kiri ọjà. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà náà ṣì lè sọ bí wọ́n ṣe jókòó sílé tó. Ní August 1993, kí Babangida tó lọ, wọ́n tún gbé dìkírì mìíràn jáde, Dìkírì 96, tó dá àjọ náà padà, tó sì gbé àjọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrántí ọdún méjì péré yìí ló wà lára NUT bí ojú ọgbẹ́, a ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí wá láti inú òfin ẹ̀kọ́ gbogboogbò ti 2004. SUBEB tó wà n'Ìbàdàn ló ń gba tíṣà, òun ló ń kọ́ kíláàsì. Ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú owó àpò ńlá rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ kí ìpínlẹ̀ tó lè gba ìpín tiẹ̀ nínú owó kíkọ́lé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó iye kan náà kalẹ̀. LGUBA ló ń pín tíṣà sí ilé-ìwé, òun ló ń kọ orúkọ wọn jọ, òun ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Owó oṣù wọn ńkọ́? Inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, láti inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní, kí ìyókù tó dé ọwọ́ alága. Ìdí nìyẹn tí alága káńsù fi máa ń sọ pé òun ló ń san owó tíṣà, tí tíṣà sì máa ń sọ pé òun ò mọ alága rí. Òótọ́ ni méjèèjì ń sọ.

Ìwé òfin 1999 gan-an kò sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn méjì bá jọ di igbá mú láìsọ ẹni tó máa dúró tì í.

Ẹ jẹ́ ká fi Lànlátẹ̀ ṣàpẹẹrẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, àárín Ìbàràpá gan-an. Wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ tíṣà lọ́dọọdún, wọ́n ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Ọmọ àgbègbè náà tó gboyè jáde níbẹ̀ lè máa gbé ilé tó dojú kọ ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tí kíláàsì mẹ́ta wà lọ́rùn tíṣà kan. Pásítọ̀ ò lè gbà á. Ọ̀gá ilé-ìwé ò lè gbà á. Alága káńsù, pẹ̀lú mọ́tò àti ọlọ́pàá ẹ̀, kò lè gbà á. Àfi kí SUBEB ṣí ìgbanisíṣẹ́ n'Ìbàdàn, ọmọ náà sì máa bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn du ú. Tó bá tilẹ̀ bọ́ sí i, wọ́n lè gbé e lọ síbòmíràn. Tíṣà tí wọ́n gbé wá ń wo Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí ìyàwó àtọmọ ẹ̀ wà, ó ń wá ẹni tó máa bá a sọ ọ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Ilé-ìwé àwọn aba, ní ọ̀nà oko, ló ń fara gba èyí jù.

Ohun táwọn òbí máa ń ṣe nìyí: wọ́n á dáwó, wọ́n á mú ọmọ tó gba NCE yẹn, wọ́n á máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù. Tíṣà PTA là ń pè é. Kò sí lórí ìwé ìjọba kankan, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ tí gàrí bá wọ́n, owó oṣù ẹ̀ ti wọnú ìkòkò ẹlòmíràn. Síbẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní a-b-d. Ó tún máa mọ ìyàtọ̀ Táyé kan sí Táyé kejì, iṣẹ́ ńlá nìyẹn n'Ígbó-Ọrà, níbi tí tíṣà bá ti pe Kẹ́hìndé tí ọmọ mẹ́rin á dáhùn.

Ìgbìmọ̀ tí òfin fún wọn lágbára wà lórí ìwé. Láti 2005 ni ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí wọ́n ń pè ní SBMC. Ará ìlú ló máa ṣe alága, ọ̀gá ilé-ìwé ló máa ṣe akọ̀wé. Aṣojú ọba tàbí baálẹ̀ máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú PTA, àwọn tó ti jáde ní ilé-ìwé náà, àwọn ìyá, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ẹlẹ́sìn, títí kan ọmọ ilé-ìwé. Ẹ kíyè sí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà: aṣojú ẹlẹ́sìn, ìjókòó kan láàárín ìjókòó púpọ̀, nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹ́mọ́ọ̀mù lè jókòó pẹ̀lú, torí ọmọ Mùsùlùmí wà nínú kíláàsì, wọ́n sì pọ̀ n'Ìbàràpá. Ohun tí máníjà àtijọ́ ò lè rò láéláé nìyẹn. Ìbi tí SBMC bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n mọ iye tíṣà tó wá àti iye tí kò wá, wọ́n ń bojú tó owó kékeré tó bá wọlé, wọ́n á sọ nǹkan tó kàn láti ṣe. Ibi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, orúkọ làwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ̀ pé àwọn jẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Agbára tó kù sọ́wọ́ ìjọ, èyí tí kò sí nínú òfin kankan, kì í ṣe kékeré náà. Wọ́n ní ìtàn ilẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọgbà ilé-ìwé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn àgbà ìjọ ló máa rántí ìdílé tó fi ilẹ̀ tọrẹ àti ibi tí ààlà dé. LGUBA kì í sábà ní ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ìkórè, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin tó lè dáwó ní ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ àwọn kan nínú ìjọ ti ń béèrè pé kí ló dé táwọn á fi máa tún ilé ìjọba ṣe. Àwọn òbí Mùsùlùmí náà sì ń béèrè pé tí ìjọ bá tún un ṣe, ṣé kò ní padà wá sọ pé òun ló ni ín.

Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Ní February 2021, nǹkan dàrú n'Ílọrin lórí híjáàbù ní ilé-ìwé girama mẹ́wàá tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀, ìjọba Kwara sì ní láti tì wọ́n pa. Ìjọ ní tàwọn ni, orúkọ àwọn ló wà níbẹ̀. Ìjọba ní tòun ni, òun ló ń san tíṣà. Ilé-ẹjọ́ gbè sẹ́yìn ìjọba. N'Ìbàràpá, inú agboolé kan náà ni ìmọ́ọ̀mù àti díákónì ti ń jẹun, ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba kúkú dá ilé-ìwé padà fún onílé náà wà. Èkó ti dá àwọn kan padà lọ́dún 2001. Anambra dá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 1,000 padà fún àwọn ìjọ ní 2011, ìjọba ibẹ̀ sì ń bá a lọ láti máa san tíṣà, torí náà òbí ò san owó ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba Ajimobi n'Ìbàdàn dá irú ẹ̀ lábàá ní 2016, fún ilé-ìwé girama tó lé ní ọgbọ̀n, kí àwọn ìjọ àti aládàáni wá dá sí i, àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ta ilé-ìwé. Ariwo yẹn pọ̀ débi pé wọ́n tilé-ìwé pa, wọ́n sì kó àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù owó ló ń ba àwọn èèyàn. Gómìnà Makinde náà mọ ìyẹn, torí ọjọ́ tó gbàjọba gan-an, May 29, 2019, ló fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Ìyá tó ń ta ẹ̀gúsí l'Érúwà lè fara mọ́ kí pásítọ̀ máa pàṣẹ, kò lè fara mọ́ kí pásítọ̀ máa gba owó ilé-ìwé.

Ìbi tí ọ̀rọ̀ wá gbóná sí báyìí ni ìdájọ́ July 11, 2024. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà yé fọwọ́ kan án. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní alága káńsù á lówó báyìí, tí páànù bá ṣí, kò ní lè tọ́ka sí Ìbàdàn mọ́. Àmọ́ NUT ò pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà rántí 1991 sí 1993. Tí owó bá lọ tààrà sọ́dọ̀ alága, tí wọn ò sì kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà sílẹ̀ lókè, ta ló máa dá alága dúró tó bá fẹ́ ra mọ́tò? Ohun tí tíṣà ń bẹ̀rù kọjá òfin lásán, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ láàárín ìjọba àpapọ̀, àwọn gómìnà àti àwọn alága lórí bí wọ́n ṣe máa pín in. Ohun tí NUT ń béèrè kò yí padà: kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò nínú owó ìjọba ìbílẹ̀, kí alága tó fojú kan ìyókù.